Ẹyẹ inú igbó orí òkè nílẹ̀ olótùútù, àti ohun tí ojú wọn ń rí lọ́wọ́ èèyàn: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù ni pé, "Irú ẹyẹ mélòó ló wà nínú igbó yẹn?" Kò burú, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Èyí tó yẹ kó ṣáájú ni pé: àwọn wo ni? Bẹ́ ẹ bá ń kà á lọ, ẹ óò rí ìdí tí mo fi ń ta kú lé e.

Irú igbó wo là ń sọ gan-an?

Igbó tó wà lórí òkè, ní ilẹ̀ tí òtútù ti ń mú fún oṣù mélòó kan lọ́dọọdún tí yìnyín á sì bo ilẹ̀, kí ooru tó padà dé. Òkè Alps àti Carpathians ní Yúróòpù wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ ni Himalaya ní Éṣíà, Appalachians àti Rockies ní Àríwá Amẹ́ríkà, àti gúúsù òkè Andes ní Ṣílè àti Ajẹntínà. Nísàlẹ̀ òkè, igi eléwé fẹ̀ẹ̀rẹ̀ tó máa ń wọ́wé ló sábà ń wà. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń gòkè ni igi eléwé-abẹ́rẹ́ bíi páìnì àti spruce á máa gbapò, títí ẹ ó fi dé ibi tí òtútù ò ní jẹ́ kí igi kankan dúró mọ́. Ìrìn ọjọ́ kan péré lè mú yín la igbó mẹ́ta kọjá, ohùn ẹyẹ á sì yí padà létí yín bẹ́ ẹ ṣe ń lọ.

Ṣé ẹyẹ ibẹ̀ pọ̀ tó ti igbó ilẹ̀ gbígbóná?

Kò sún mọ́ ọn rárá. Orílẹ̀-èdè Kòlóńbíà nìkan ní irú ẹyẹ tó lé ní 1,800; gbogbo Yúróòpù pátá, irú tó ń pamọ níbẹ̀ ò ju nǹkan bíi 600 lọ. Ohun tí igbó olótùútù fi ń yangàn ni ẹyẹ tó mọ iṣẹ́ ẹ̀: èyí tó lè fi ewé igi páìnì la ìgbà òtútù já, èyí tó ń ri oúnjẹ mọ́lẹ̀ tó sì máa rántí ibi tó rì í sí lẹ́yìn oṣù mélòó kan, àti èyí tó ń rìnrìn àjò ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà wá pamọ lórí òkè kó tó padà síbi tó ti wá.

Gíga òkè náà tún ń pín wọn. Lórí òkè tí òjò ti ń rọ̀ dáadáa, irú ẹyẹ ń dín kù bí a ṣe ń gòkè. Lórí òkè tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbẹ bí aṣálẹ̀, àárín ni wọ́n sábà máa ń pọ̀ sí jù, torí ibẹ̀ ni omi àti ooru ti pàdé. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ẹyẹ kì í pọ̀ lórí òkè, ẹ kọ́kọ́ bi í pé òkè wo.

Báwo ni wọ́n ṣe ń gbé pọ̀ láìjà?

Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra, gbogbo wa la mọ ìyẹn. Àmọ́ orí igi kan ṣoṣo ńkọ́? Ní 1958, Robert MacArthur, onímọ̀ nípa ohun abẹ̀mí, tẹ ìwádìí kan jáde tó ṣe nínú igbó spruce ní àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Irú ẹyẹ kéékèèké márùn-ún tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra ló ń jẹ kòkòrò lórí irú igi kan náà. Ó dúró tì wọ́n, ó ń ka ìṣẹ́jú àáyá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lò níbi kọ̀ọ̀kan lára igi. Àṣé wọ́n ti pín igi láàárín ara wọn: ọ̀kan ń ṣọdẹ ní ṣóńṣó orí igi, òmíràn wà láàárín níbi tí ẹ̀ka ti sún mọ́ ìtì, òmíràn sì wà nísàlẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí igbó tó ní àgbà igi, ọ̀dọ́ igi àti igbó ṣúúrú lábẹ́ wọn fi ń gba ẹyẹ ju igbó tí gbogbo igi rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn lọ. Bí ẹ bá gé gbogbo àgbà igi, tàbí tí ẹ ro gbogbo abẹ́ igi mọ́ tónítóní, yàrá kan lẹ wó nínú ilé yẹn.

Kí ló dé tí àwọn onímọ̀ ẹyẹ kì í fẹ́ kí wọ́n kó òkú igi kúrò nínú igbó?

Torí òun ni ọjà àti ilé wọn. Ẹ sún mọ́ igi spruce kan tó ń kú lọ. Èèpo rẹ̀ ti ń ṣí. Lábẹ́ èèpo náà, kòkòrò ti gbẹ́ ọ̀nà tóóró-tóóró káàkiri, ìdin sì wà nínú wọn. Akókó oníka mẹ́ta á máa gun ìtì náà díẹ̀díẹ̀. Á kàn án, á dúró, á tún kàn án, á wá fi àgógó bó èèpo náà, á jẹ́ kó já bọ́. Igi tó bá ti kọjá lọ́wọ́ ẹyẹ yìí, ẹ ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ bi ẹnikẹ́ni: ìhòhò ló máa wà, èèpo á sì kún ìdí rẹ̀.

Ti ilé tún wà níbẹ̀. Akókó dúdú ti Yúróòpù tóbi tó kannakánná, ó sì lè gbẹ́ ihò sínú àgbà igi. Nígbà tó bá kó jáde, òwìwí kékeré tí wọ́n ń pè ní Tengmalm á wọlé, àdàbà igbó á wọlé, oyin pàápàá lè wọlé. Ayálégbé ni gbogbo wọn, wọn ò sì sanwó.

Àwọn agégẹdú kì í fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì nídìí. Ní Bavarian Forest ní Jámánì, tó di igbó ọba ní 1970, ìjì ńlá wó igi spruce lulẹ̀ ní 1983. Ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ni pé kí wọ́n tètè kó o, kí kòkòrò èèpo má bàa bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n pinnu pé àwọn á fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Kòkòrò bẹ́ sílẹ̀ lóòótọ́. Láàárín ọdún mélòó kan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún hẹ́kítà igi kú, àwọn ará agbègbè náà sì fárí gá. Mi ò dá wọn lẹ́bi: òkè tí bàbá ẹni fi ń yangàn ló di eegun igi lójú ẹni. Àmọ́ àwọn akókó rí oúnjẹ jẹ, àwọn ẹyẹ tó fẹ́ràn ibi tí oòrùn ń wọ̀ pọ̀ sí i, ọmọ spruce sì hù láàárín òkú igi láìsí ẹni tó gbìn ín.

Ṣé òótọ́ ni pé ibi tí èèyàn ti dáko díẹ̀ lè ní ẹyẹ ju igbó tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn?

Ó lè jẹ́ òótọ́, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní igbó kan ní 30 irú ẹyẹ. Wọ́n la ọ̀nà sí i, wọ́n kọ́ ilé mélòó kan, wọ́n dáko. Irú mẹ́wàá tó fẹ́ràn gbangba wọlé wá: ológoṣẹ́, kannakánná, àwọn tó ń jẹ èso koríko. Mẹ́fà nínú àwọn onílẹ̀ sá lọ. Ó di 34 nìyẹn. Ẹni tó ń ka iye á pàtẹ́wọ́. Àmọ́ mẹ́wàá tó wọlé yẹn wà níbi gbogbo tí èèyàn bá ti tẹ̀dó sí; mẹ́fà tó lọ ò ní ibòmíràn tí wọ́n máa lọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ lórí òkè mẹ́wàá, ẹyẹ òkè kọ̀ọ̀kan ti pọ̀ sí i, ẹyẹ gbogbo òkè lápapọ̀ sì ti dín kù. Kì í ṣe àlọ́ o, ìṣirò lásán ni.

Àwọn àlejò yẹn kì í sì í jókòó jẹ́ẹ́. Kannakánná ń jí ẹyin jẹ létí igbó. Ní Àríwá Amẹ́ríkà, ẹyẹ cowbird máa ń yé ẹyin tirẹ̀ sínú ìtẹ́ ẹlẹ́yẹ, ẹyẹ kékeré á wá máa bọ́ ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀, ọmọ náà á sì ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá ṣe ń gé igbó sí wẹ́wẹ́ tó ni cowbird ṣe ń rọ́nà wọlé tó.

Ní ìwọ̀-oòrùn Himalaya, ọ̀rọ̀ náà tún lọ́ pọ̀ sí i. Nígbà òtútù, ọ̀pọ̀ ẹyẹ máa ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè wá sí àwọn oko kéékèèké tí igi wà láàárín wọn, wọ́n sì lè pọ̀ níbẹ̀ ju inú igbó lọ. Tó bá di àsìkò àtipamọ, púpọ̀ nínú wọn á padà sínú igbó. Ẹni tó bá kà wọ́n ní oṣù kìíní nìkan á sọ pé oko ti tó wọn. Ẹni tó bá kà wọ́n ní oṣù karùn-ún nìkan á sọ pé oko ò wúlò. Àwọn méjèèjì ló ṣì í. Ṣùgbọ́n ẹyẹ kan wà níbẹ̀ tí oko ò lè tù nínú: western tragopan, ẹyẹ elérèé funfun tó ń rìn nílẹ̀ bí àparò, tó jẹ́ ẹyẹ àmì ìpínlẹ̀ Himachal Pradesh ní Íńdíà. Abẹ́ igi tó ṣókùnkùn ló ń gbé. Igi ìdáná tí wọ́n ń gé àti ewé tí wọ́n ń já fún ẹran ọ̀sìn ń ṣí ibẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò sì ní ohun tó ń wá jáde sí gbangba.

Tí a bá kàn gbin igi padà ńkọ́?

Ó dá lórí ohun tí ẹ gbìn. Láti 1999 ni ìjọba Ṣáínà ti ń sanwó fún àwọn àgbẹ̀ kí wọ́n sọ oko orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè di igbó. Nígbà tí àwọn olùṣèwádìí lọ ka ẹyẹ ní agbègbè Sichuan, wọ́n rí i pé igbó tí wọ́n gbin irú igi kan ṣoṣo sí ní oríṣi ẹyẹ tó kéré sí ti oko tó rọ́pò. Bẹ́ẹ̀ ni, oko fẹ̀yìn igbó balẹ̀. Ibi tí wọ́n da irú igi mélòó kan pọ̀ sàn ju ti irú igi kan ṣoṣo lọ. Igbó àdáyébá tó ṣẹ́ kù ló gbẹ̀yẹ.

Ṣé ariwo ọkọ̀ ń dà wọ́n láàmú lóòótọ́, àbí àsọdùn ni?

Wọ́n ti dán an wò, mo sì fẹ́ràn ọgbọ́n tí wọ́n fi dán an wò ju ti gbogbo ìwádìí yòókù lọ. Nígbà ìwọ́wé ọdún 2012, àwọn olùṣèwádìí lọ sórí òkè kan nítòsí Boise, ní ìpínlẹ̀ Idaho. Kò sí títì níbẹ̀. Wọ́n to sípíkà sáàárín igi ní ìlà tó gùn tó ìdajì kìlómítà, wọ́n wá ń gbé ìró ọkọ̀ jáde nínú wọn: wọ́n á tàn án fún ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n á pa á fún ọjọ́ mẹ́rin. Kò sí èéfín, kò sí iná mọ́tò, kò sí táyà kankan tó kan ilẹ̀. Síbẹ̀, ní ọjọ́ ariwo, iye ẹyẹ dín kù ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Àwọn kan fẹ́rẹ̀ẹ́ má yà síbẹ̀ mọ́. Nínú àwọn tó dúró, àwọn kan ò sanra bó ṣe yẹ, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà jíjìn ló wà níwájú wọn.

Ẹyẹ tó ń jẹun á tẹrí ba, á ṣá oúnjẹ, á gbórí sókè, á tẹ́tí. Bí ariwo bá ti dí i létí, ojú nìkan ló kù tó lè fi ṣọ́ àṣá, á wá máa gbórí sókè lemọ́lemọ́. Orí tó wà lókè ò lè jẹun nílẹ̀.

Títì fúnra rẹ̀ tún ń gé igbó sí méjì. Ẹ lè sọ pé ẹyẹ ní apá, kí ló kàn án? Ẹyẹ chucao wà ní gúúsù Ṣílè, ọ̀fun rẹ̀ pọ́n bí ìpẹtà, kò tóbi ju ẹ̀ṣẹ́ lọ. Sísá ló ń sá kiri lábẹ́ ọparun, kò fẹ́ràn fífò, kò sì fẹ́ la gbangba kọjá rárá. Nígbà tí wọ́n fi igbó ṣúúrú tóóró kan sílẹ̀ láàárín oko, ó ń gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn ará ibẹ̀ gbà pé bó bá ké lápá ọ̀tún ẹni, ire ni. Bó bá ké lápá òsì, kí èèyàn ṣọ́ra.

Àwọn tó ń ṣeré orí yìnyín ò gé igi. Kí ló kan ẹyẹ nínú ìyẹn?

Ìgbà òtútù lórí òkè Alps, oúnjẹ ò sí, ojúmọ́ kúrú. Ọgbọ́n tí ẹyẹ black grouse ń dá ni pé á gbẹ́ ihò sínú yìnyín rírọ̀, á wọ inú rẹ̀ lọ, torí inú yìnyín gbóná ju ìta lọ. Ibẹ̀ ló máa wà lọ́pọ̀ wákàtí, á jáde ní òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ láti jẹun, á tún padà wọlé. Ẹ wá wo ẹnì kan tó ń yọ̀ bọ̀ láti òkè wá, tó ti kúrò lójú ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀. Ẹyẹ náà á bẹ́ jáde nínú yìnyín, á fò lọ, á lọ gbẹ́ ihò mìíràn. Agbára tó tọ́jú ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ ńkọ́?

Báwo la ṣe mọ̀ pé ó ń dùn wọ́n? Nípasẹ̀ ìgbẹ́ wọn ni. Àwọn olùṣèwádìí ṣa á lórí yìnyín, wọ́n yẹ họ́mọ̀nù ìpayà wò nínú rẹ̀, wọ́n sì rí i pé ó pọ̀ sí i níbi tí àwọn eléré ti ń kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n rí i fún capercaillie, àgbà ẹyẹ tí akọ rẹ̀ lè wọn kílò mẹ́rin, nínú Black Forest ní Jámánì. Ní Switzerland, wọ́n ti sàmì sí àwọn apá òkè kan tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wọ̀ nígbà òtútù. Nínú gbogbo ohun tí mo kà sójú ewé yìí, òun ló rọrùn jù láti ṣe.

Èwo ni ti kòkòrò àti àrùn àjèjì?

Wọn ò ní ariwo bíi ti ẹ̀rọ ìgégi, iṣẹ́ wọn sì lè jù ú lọ. Ní òkè Appalachians, igi hemlock ló ń ṣíji bo etí odò. Kòkòrò kan láti Éṣíà, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ Virginia, ní 1951, ń fa oje rẹ̀ mu. Bẹ́ ẹ bá yí ẹ̀ka rẹ̀ padà wo abẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí i: òwú funfun kín-ín-kín-ín ní ìdí ewé, bí ẹni pé ẹnì kan fi ìka pa á mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, igi kú. Ẹyẹ black-throated green warbler àti àwọn mìíràn tó fẹ́ràn òjìji hemlock ń dín kù pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tó wá bà mí nínú jẹ́ ni pé ẹyẹ fúnra wọn wà lára ohun tó ń gbé kòkòrò náà láti igi dé igi, lára ìyẹ́ àti ẹsẹ̀ wọn.

Ní Rockies, ìbáṣepọ̀ kan ló ń dà rú. Èso igi páìnì whitebark kì í la fúnra rẹ̀. Ẹyẹ Clark's nutcracker, mọ̀lẹ́bí kannakánná, ló ń fi àgógó ṣí i, á kó hóró sínú àpò tó wà lábẹ́ ahọ́n rẹ̀, á lọ rì wọ́n sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nínú ọdún tí èso bá so, ẹyẹ kan lè rì ju 30,000 lọ. Èyí tó bá ṣẹ́ kù ló ń hù. Àrùn blister rust tó ti òkè òkun wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ń pa igi yìí, kòkòrò èèpo sì ń ràn án lọ́wọ́. Ní 2022, ìjọba Amẹ́ríkà kọ igi náà mọ́ àwọn ohun abẹ̀mí tó wà nínú ewu. Bí igi bá dín kù jù, ẹyẹ á wá oúnjẹ lọ síbòmíràn. Bí ẹyẹ bá lọ, ta ni yóò gbin igi?

Ìbátan ẹyẹ yìí wà ní Alps. Ìgbà kan wà tí wọ́n ń yìnbọn pa á níbẹ̀, wọ́n ní olè tó ń jí hóró páìnì ni. Òun ni àmì Swiss National Park lónìí.

Ṣé gbogbo ẹyẹ ló ń sá gòkè nítorí ooru tó ń pọ̀ sí i?

Rárá, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú un rọrùn fún yín. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Joseph Grinnell, onímọ̀ nípa ẹranko àti ẹyẹ, àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ka ẹyẹ lórí òkè Sierra Nevada ní Kalifọ́níà, wọ́n sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, àwọn mìíràn mú ìwé yẹn padà síbi kan náà. Ìdá 84 nínú ọgọ́rùn-ún irú ẹyẹ tí wọ́n yẹ̀ wò ni ààlà wọn ti yẹ̀. Àmọ́ nínú ààlà tó yẹ̀ náà, nǹkan bí ìdajì péré ló lọ sókè. Ìyókù lọ sísàlẹ̀. Ooru ń tì wọ́n gòkè, òjò lè fà wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Àwọn tó ti wà ní ṣóńṣó òkè tẹ́lẹ̀ ni ẹ̀rù wọn ń bà mí, torí kò sí òkè mọ́ lókè wọn.

Àgbọ̀nrín ńkọ́? Mo gbọ́ pé òun náà ń lé ẹyẹ.

Bó bá pọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ ni. Àwa la pa ìkookò tó ń dín wọn kù. Wọ́n jẹ igbó ṣúúrú tán, ẹyẹ tó ń tẹ́ ìtẹ́ síbẹ̀ ò rí ibi tẹ́ ẹ sí mọ́.

Tí òfin bá ti dáàbò bo ẹyẹ kan, ṣé ó ti bọ́?

Northern spotted owl nìyí, òwìwí inú àgbà igbó ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Ní 1990 ni wọ́n fi òfin dáàbò bò ó, ní 1994 wọ́n ṣètò kan tó dín igi gígé kù gan-an nínú igbó ìjọba. Ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn agégẹdú àti àwọn agbèjà igbó ò kéré. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ìbátan rẹ̀ tó ń jẹ́ barred owl rọ́ dé láti ìlà-oòrùn, ó tóbi jù ú, kì í yan oúnjẹ, ó sì ń lé e kúrò nílé. Òwìwí náà ṣì ń dín kù. Kì í ṣe pé òfin náà ò wúlò: bí wọ́n bá ti gé igbó yẹn tán ni, ibi tí àwọn méjèèjì máa jà sí gan-an ò bá má sí.

Ológbò?

Ẹ tì í mọ́lé, pàápàá ní àsìkò tí ẹyẹ ń pamọ.

Mi ò mọ orúkọ ẹyẹ kankan. Ṣé mo lè ṣe nǹkan kan tó wúlò?

Ẹ lè kà wọ́n. Ní Hubbard Brook, igbó ìwádìí kan ní òkè White Mountains ní ìpínlẹ̀ New Hampshire ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti ń ka ẹyẹ inú igbó kan náà láti 1969. Iye wọn lónìí ò tó ìdajì ti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ẹ ti fẹ́ sọ pé ọwọ́ èèyàn ni, àbí? Púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ pé igbó náà ń dàgbà ni. Ẹyẹ least flycatcher, tó pọ̀ jù níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, fẹ́ràn igbó tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Bí igi ṣe ń gbó ló ń lọ, títí kò fi sí mọ́. Ká ní wọn ò kọ orúkọ ẹyẹ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́dọọdún, ẹ̀bi á ti bọ́ sórí aláìṣẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀bi tiwa wà níbòmíràn: láàárín 1970 sí 2017, Amẹ́ríkà àti Kánádà pàdánù ẹyẹ tó tó bílíọ̀nù mẹ́ta.

Ẹ yan ibì kan. Ẹ débẹ̀ ní ìdájí, nígbà tí wọ́n ń kọrin jù. Ẹ dúró sójú kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ má rìn kiri. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rí àti ohun tẹ́ ẹ gbọ́. Bí ẹ ò bá mọ ohùn kan, ẹ fi fóònù gbà á sílẹ̀ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n lè bá yín gbọ́ ọ. Ẹ kọ ọjọ́, aago àti bí ojú ọjọ́ ṣe rí. Ẹ tún lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, síbi kan náà, ní aago kan náà. Bó bá sì di ọjọ́ kan tí ẹyẹ tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ níbẹ̀ ò bá ké, ẹ má fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo nínú ìwé. Ẹ kọ òdo síbẹ̀.